Orí Kẹfà: Àdírẹ́sì Inú Aṣọ Ẹtù

Ìbíyẹmí ti gbé ẹnu òǹtẹ̀ lé òpó ilé náà, iná pupa orí rẹ̀ ti tàn, ó ku kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà tó ni ilé sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó ní kí Ẹlẹ́rìí, ìyẹn Ìbíyẹmí tí ìjọba rán wá sé ilé náà, jọ̀ọ́ fún àwọn láyè díẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé lè pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí ẹ̀rọ omi tó gbàgbé orúkọ wọn.

"Òfin fún yín ní ìwọ̀n ìgbà tí ìkòkò omi kan fi ń hó, màmá," ni Ìbíyẹmí dáhùn.

"Mo mọ̀. Wọ́n sé ilé àbúrò mi lọ́dún tó kọjá. Omi tí wọ́n pọn kò tó wọn lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, odò ni wọ́n ń lọ, bíi ti ayé àwọn ìyá ìyá wa."

Ìbíyẹmí gbé òǹtẹ̀ kúrò lára òpó. Iná rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ gbé garawa, wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kò sì sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá náà. Òun ni ọ̀gá àwọn ahunṣọ ní Ìgbò-Òwú, ìlú kan láàárín àwọn àpáta Òkè-Ògùn, níbi tí ó ti ṣòro láti rí ilé tí kò ní òfì, ẹ̀rọ ìhunṣọ tó so mọ́ ayélujára. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ènìyàn mẹ́tàlá ló ń gbé abẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá ti balẹ̀ lára òpó yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá di ẹni tí ayélujára kò mọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ilé ìwòsàn kò ní í rí ìwé wọn. Ilẹ̀kùn ilé-ìwé kò ní í ṣí fún àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá hun aṣọ tó dára jù lọ láyé, kò sí ẹni tí yóò lè rà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀sùn náà sì wúwo. Láti àárọ̀ àná ni òfì kan lábẹ́ àdírẹ́sì ilé yìí ti ń kan ilẹ̀kùn ibi tí ìjọba ti sé odò Ògùn. Ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló ti dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò, bí olè tó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ dúró níwájú ilé onílé. Ní àárín àsìkò kan náà, ó ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àtẹ̀jíṣẹ́ èké ránṣẹ́ sí àwọn arúgbó káàkiri, ó ń ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọn dá òun lóhùn bí wọn kò bá fẹ́ kí oògùn wọn tán. Bí ilẹ̀kùn odò bá ṣí, omi yóò gbé abúlé mọ́kànlá lọ.

Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pa òfì tí wọ́n ní ó jẹ̀bi náà. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́, òun yóò fi òòlù fọ́ ọ níṣojú wọn.

"Òfin kò mọ òfì, màmá," ni Ìbíyẹmí wí. "Àdírẹ́sì ló mọ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ Ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Ìwé Èèwọ̀ ló ń tọpasẹ̀ àwọn àdírẹ́sì tó ń ṣe iṣẹ́ ibi, òun náà ló ń dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe òfin náà ti kọ gbólóhùn kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dájọ́ ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn bíi Ìbíyẹmí láti wọ ọkọ̀ okùn, èyí tó ń rìn lókè lórí wáyà, kúrò ní Ìbàdàn, kí wọ́n gba orí àpáta kọjá, kí wọ́n dé ojúlé, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ẹ̀rọ tó jẹ̀bi kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń lọ.

Ìbíyẹmí wọlé. Ó gbé ajá sílẹ̀ níwájú òfì keje tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ajá yìí kì í ṣe ẹran. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò tóbi ju igbá ọṣẹ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbóòórùn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà jáde. Ó yí po òfì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì hu. Láti ibẹ̀ ni kíkàn ilẹ̀kùn náà ti ń jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbíyẹmí ní kó wo inú òfì náà kó sọ ẹni tó ń rán an níṣẹ́, ajá náà dákẹ́. Ọpọlọ òfì náà mọ́ fínnífínní. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́.

"Kí ló sọ?" ni Àwẹ̀ró bèèrè.

Ìbíyẹmí sọ fún un pé ajá mọ ibi tí olè gbà jáde, kò mọ ibi tó gbà wọlé.

Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òfì yẹn láti oṣù méjì sẹ́yìn, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ń gba àwọn ọnà tuntun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára. Ó ní ọnà náà rẹwà, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òfì bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ ba aṣọ jẹ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ohun gidi. Àwọn ọmọ ní kí òun má dà á láàmú, pé kí àwọn máa gé orí aṣọ náà jù nù. Òun kò lè ju òwú nù. Àwọn àgékù náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ìbíyẹmí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yíjú síbẹ̀. Ìkòkò omi náà ti hó tán ní tirẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e kaná. Ṣùgbọ́n ohun kan tì í, ó sì na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ó mú àgékù aṣọ ẹtù kan, dúdú mìnìjọ̀ bí ẹtù ti ń rí, àfi pé òwú funfun mélòó kan dábùú rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí funfun wà. Ó mú òmíràn. Funfun náà wà lójú kan náà. Ó kó mẹ́jọ jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òwú funfun ti ọ̀kan bá ti èkejì mu gẹ́gẹ́, láti òkè dé ilẹ̀.

"Màmá," ó ní, "àṣìṣe a máa bá ara rẹ̀ dọ́gba báyìí bí?"

Àwẹ̀ró tẹjú mọ́ ọn. Ó fa aṣọ kan sórí orúnkún, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú dúdú tó wà láàárín funfun kan sí èkejì, bí ẹni tó ń ka oṣù ọmọ inú. Kò wo aṣọ náà. Ìka rẹ̀ ló ń kà á.

"Méje," ó wí. "Méjì. Mẹ́sàn-án. Mẹ́rin." Ó sinmi. "Ẹyọ kan. Mẹ́fà. Mẹ́ta. Márùn-ún. Ó tán."

Ìbíyẹmí tún wọn kà. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni, mẹ́rin àti mẹ́rin. Gbogbo àdírẹ́sì tó wà láyé ìgbà náà, mẹ́rin àti mẹ́rin ni wọ́n ń kà á.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Ẹni tó fi àṣẹ burúkú pamọ́ sínú ọnà ọ̀fẹ́ ní láti sọ fún òfì ibi tí yóò ti máa gba iṣẹ́, nítorí náà ó kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí orí ọnà náà. Ó sì ṣètò kí òfì gbàgbé rẹ̀ bó bá ti kà á tán. Ohun tí kò rò ni pé òfì kò mọ àṣẹ yàtọ̀ sí ọnà. Gbogbo ohun tó bá kà ló ń hun. Ẹ̀rọ ti gbàgbé, ṣùgbọ́n aṣọ kò mọ bí wọ́n ti ń gbàgbé.

Ìrònú tó tẹ̀ lé e kò dùn mọ́ ọn. Láti ọdún tó kọjá, ilé mẹ́tàdínlógún ni òun Ìbíyẹmí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé. Ó rántí pé mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ilé ahunṣọ. Ní mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án náà, kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ó pe ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Akọ̀wé tó gbé e kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìwé Èèwọ̀ ti dárúkọ ilé náà, ajá ti hu, kí ni Ẹlẹ́rìí ń dúró dè? Ó ní bí kò bá lè tẹ òǹtẹ̀ sí òpó, ó mọ ibi tí òfin ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí.

Ó mọ̀ ọ́n. Òfin fàyè gba Ẹlẹ́rìí láti ṣe onídùúró fún ilé títí ilé ẹjọ́ yóò fi jókòó ní ọjọ́ náà. Àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ni yóò tẹ òǹtẹ̀ sí. Bí adájọ́ bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó bọ́. Bí kò bá gbà, àdírẹ́sì Ẹlẹ́rìí ni wọn yóò sé, ọdún mẹ́fà dípò mẹ́ta. Ẹnì kan péré ni Ìbíyẹmí mọ̀ tó ṣe é rí, ilé onítọ̀hún sì wà ní sísé di òní. Abẹ́ àdírẹ́sì tirẹ̀ ni Tèmídire ọmọ rẹ̀ wà, oyún oṣù mẹ́sàn-án nínú, ilé ìwòsàn tó ń dúró dè é kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un ju àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ lọ.

Ó pe ọmọ náà. Ó ṣàlàyé fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Tèmídire bèèrè ọ̀rọ̀ kan péré.

"Ṣé ó dá yín lójú, màmá?"

"Mo kà á. Ìyá tó mọ̀ jù mí lọ náà kà á."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, nígbà náà. Èmi náà kò ní fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe sé ènìyàn mẹ́tàlá."

Ìbíyẹmí na ọwọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó jó o bí omi gbígbóná, àmì pupa sì yọ lójú àtẹ́lẹwọ́. Àwẹ̀ró tó ti ń pe é ní Ẹlẹ́rìí láti ìgbà tó ti dé, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, wá di ọwọ́ náà mú.

"Ọmọ mi," ó ní, "o kò ní dá lọ. Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn fún mi."

Ọkọ̀ okùn gbé wọn gba orí àpáta lọ sí Ìbàdàn, àwọn méjèèjì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹjọ́, aago mẹ́rin ti lù, èrò sì ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, nítorí àwọn ará abúlé mọ́kànlá tó wà nísàlẹ̀ odò ti gbọ́. Ara ògiri ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń wo bí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn odò: gbogbo kíkàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kán iná kan, ògiri náà sì ń ta pàrà bí òjò tó ń rọ̀ sórí adágún. Wọ́n ti pa òfì Àwẹ̀ró, síbẹ̀ òjò náà kò dá. Àwọn òfì ìlú mìíràn ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́tà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ aṣínà odò. Àwọn olè ti mọ mẹ́jọ.

Adájọ́ Akínṣípẹ̀ jẹ́ arúgbó tó ń fi etí kan gbọ́ràn. Ó jẹ́ kí Ìbíyẹmí tẹ́ àwọn aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì, kó sì sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìwé Èèwọ̀, ó ní kó sọ ohun tó mọ̀ nípa àdírẹ́sì inú aṣọ.

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù, ó sì yéni. "A ti sé àdírẹ́sì yẹn láti ọdún méjì àbọ̀ sẹ́yìn. Àdírẹ́sì tí a ti sé kì í sọ̀rọ̀. N kò kà á mọ́."

Kùkùkẹ̀kẹ̀ gba ilé ẹjọ́. Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òkú kì í jalè. Bí Ẹlẹ́rìí kò bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, òun yóò dájọ́. Ìbíyẹmí wo àmì ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn aṣọ náà jọ.

Àwẹ̀ró ló dìde. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó.

"Olúwa mi," ó ní, "ìbéèrè kan ni. Láti ọdún méjì àbọ̀ tí ẹ ti sé ilé náà, ta ló ti lọ wò ó?"

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ yẹ ìwé wò, kò rí orúkọ kankan níbẹ̀, ó sì pa á dé.

Ìgbà náà ni Ìbíyẹmí bọ́ síwájú adájọ́. Ó ní Olúwa òun ti gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kò wo ibẹ̀ mọ́. "Òfin ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dájọ́ ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Mo fi àdírẹ́sì mi àti ti ọmọ mi bẹ̀ yín, ẹ rán ojú kan síbẹ̀."

Adájọ́ fi ìka lu tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n wá Ẹlẹ́rìí tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlágbẹ̀mí ni wọ́n rí, ó ń jẹun ọ̀sán tó ti pẹ́ ní ìlú kan tí kò tó máìlì méjì síbẹ̀. Wọ́n ní kó fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ìdúró náà gùn. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́tà kẹsàn-án ọ̀rọ̀ aṣínà já. Obìnrin kan láti ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sáré lọ sílé kó ẹrù. Lójijì ohùn Ọlágbẹ̀mí gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

Ó ní òun ti dé ibẹ̀. Ilé àká àtijọ́ kan ni, ewéko ti bo òrùlé rẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba ṣì wà lára òpó. Àfi pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tuntun ni, wọ́n sì tì í láti inú. Ó ní òun gbé etí lé ilẹ̀kùn, òun gbọ́ nǹkan tó ń kùn bí oyin. Wọ́n gbọ́ tó fi òkúta fọ́ ilẹ̀kùn náà. Wọ́n gbọ́ ariwo ẹsẹ̀, àga tó ṣubú, àti ohùn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń bẹ ara wọn pé kí wọ́n sá. Lẹ́yìn náà ni Ọlágbẹ̀mí tún sọ̀rọ̀.

"Olúwa mi, ẹ̀rọ ló kún ibí láti ilẹ̀ dé àjà. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."

"Fa okùn iná wọn yọ," ni Adájọ́ Akínṣípẹ̀ wí.

Òjò orí ògiri dá. Kò dá díẹ̀díẹ̀. Ó dá lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn pa fìtílà. Ògiri náà ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará abúlé mọ́kànlá hó yèè, wọn kò sì gbọ́ nígbà tí akọ̀wé ní kí wọ́n dákẹ́. Obìnrin tó pọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Kí àwọn ọlọ́pàá tó dé bá Ọlágbẹ̀mí láti kó àwọn ọkùnrin méjèèjì ni akọ̀wé ti dá ọ̀kan nínú wọn mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nídìí Ìwé Èèwọ̀ fún ọdún méje. Òun ló mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ti dá lẹ́jọ́, ó yọ́ la ọ̀nà padà sí àdírẹ́sì ilé kan tí wọ́n ti sé, ó sì fi ṣe ibùba.

Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n pa àmì ọwọ́ Ìbíyẹmí rẹ́. Ó ní kí wọ́n wá gbogbo ilé tí wọ́n ti sé nítorí òfì láàárín ọdún méjì tí ọnà ọ̀fẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Igba àti mẹ́rìnlá ni. Ó ní òǹtẹ̀ lè sé ilé, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni òfin fi ń ṣí i, nítorí náà kí ẹnì kan dìde kó ka orúkọ wọn. Ó wo Ìbíyẹmí. Gbogbo ilé ẹjọ́ náà wò ó.

Ó gba ìwé náà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè bí wọ́n ti tò ó, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó wá àwọn mẹ́sàn-án tirẹ̀ jáde ná. Ó ka nọ́ńbà àkọ́kọ́, mẹ́rin àti mẹ́rin, ó sì ní ó ṣí.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún gbì. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ó hàn pé ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti pè é kẹ́yìn. "Ta nìyẹn?"

"Ìbíyẹmí ni mo ń jẹ́. Èmi ni mo sé yín ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. N kò wọlé wo òfì yín. Ẹ má bínú. Mo ti ṣí yín."

Ọkùnrin náà kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Wọ́n gbọ́ tó yíjú padà sínú ilé, tó ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ní kí wọ́n jáde, kí gbogbo wọn jáde, àwọn ti padà sáyé. Nínú ilé ẹjọ́, Adájọ́ Akínṣípẹ̀ kọ́kọ́ dìde, àwọn èrò sì dìde tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró di etí ìwé náà mú fún un.

Ìbíyẹmí nu ojú, ó sì ka èkejì.